Ikun, Ikùn àti Ikún

Ẹ sún díẹ̀ kí n rí ibi fìdí lé. Ìyá Rísí, ẹ da ẹ̀gúsí díẹ̀ sínú àwo mi kí n bá yín bó o. Bí ọwọ́ mi bá ṣófo, ẹnu mi kì í yá. Ẹ sì mọ̀ mí, n kì í ṣe olófòófó. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo ń sọ. N kì í fi iyọ̀ sí i, àfi bí kò bá níyọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ inú rírun Bàbá Kàmọ́rù ni mo bá wá. Ṣé ẹ rí bí bàbá ṣe di ikùn mú lánàá, tó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tí owó ẹyọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Gbogbo agbo ilé pariwo: ata ni! Ìyàwó rẹ̀ ní ata kọ́, ìrònú ni, pé láti ìgbà tí àna wọn ti yá owó lọ́wọ́ wọn tí kò san ni inú ti ń ta bàbá. Ìyá Bọ́sẹ̀, ayálégbé ẹ̀yìnkùlé, fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé láti ìgbà ìjà kẹ́rọ́sìnì yẹn, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn mọ́ nínú ilé yìí. Ìjà yẹn kò kàn mí ṣá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Èmi gan-an ti fẹ́ dá ata lẹ́bi kí Adéọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ láàbù, tó wọlé wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, mo súre fún un, mo bu ẹ̀bà fún un, mo sì ro ẹjọ́ Bàbá Kàmọ́rù fún un. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ata lè mú kí egbò ta wọ́n, ṣùgbọ́n ata kọ́ ló ń dá egbò sínú ikùn. Kòkòrò ni, lọ́pọ̀ ìgbà." Mo ní kòkòrò ṣe bí wo? Nínú ikùn tí omi rẹ̀ kan tó fi lè jẹ irin, kòkòrò wo ni yóò lọ pàgọ́ síbẹ̀? Adéọlá ní, "Ẹ fi ara balẹ̀, Àǹtí. Bí ọ̀pọ̀ dókítà ṣe béèrè náà nìyẹn, tí wọ́n sì tẹ́."

Ẹ gbọ́ bó ṣe là á yé mi. Ikùn ènìyàn, ilé ni. Omi kíkan wà nínú rẹ̀ tí ń bá wa lọ oúnjẹ. Kí omi náà má baà lọ onílé mọ́ oúnjẹ, Ọlọ́run fi ikun rẹ́ ògiri ilé náà, ikun tó nípọn, tó ń yọ̀, bíi tinú imú. Ikun ló bo ikùn. Ìyá Rísí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i: ikun bo ikùn. Ikún, ẹran oko tó ń jẹ ẹ̀pà, náà ń bọ̀ lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá mọ ohùn Yorùbá pè kí ó lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé.

Ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, lọ́dún 1979, dókítà kan tí ń jẹ́ Robin Warren ń fi maikirosíkóòpù wo ẹran bíńtín tí wọ́n já nínú ikùn aláìsàn. Ló bá rí àwọn kòkòrò kan tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n tò sábẹ́ ikun gẹ́rẹ́gẹ́. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ojú ló ń ṣe é. Ní 1981, ọ̀dọ́ dókítà kan, Barry Marshall, wá bá a, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ ń wá bí wọn yóò ṣe gbin kòkòrò náà sínú àwo láàbù. Kò hù. Bí ọjọ́ méjì bá ti pé, wọ́n á da àwo nù. Ìgbà tí ọdún Àjíǹde 1982 dé, àwọn òṣìṣẹ́ gba ọlidé, wọ́n gbàgbé àwo sínú ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan móoru. Kí wọ́n tó dé, kòkòrò ti hù! Òun kì í yára hù ni. Ẹ ò rí i? Ohun tí iṣẹ́ kò ṣe, ọlidé ṣe é.

Ohun tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ará Ítálì kan, Giulio Bizzozero, ti rí kòkòrò lílọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ikùn ajá ní 1893. Ní 1896, Hugo Salomon mú nǹkan láti inú ikùn ẹranko tó ní irú rẹ̀, ó fi bọ́ èkúté funfun, kòkòrò sì gba ikùn èkúté kan. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, eruku bò ó. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ẹni gbé e kiri, bí ẹni kò sọ ọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ má máa bú àwa tí à ń gbé ọ̀rọ̀ kiri.

Àwọn dókítà ńlá kò gba Marshall gbọ́. Wọ́n ní kò burú, kòkòrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní sọ pé òun ló ń ba ikùn jẹ́? Ó lè jẹ́ pé ìgbà tí ikùn ti bàjẹ́ tán ló tó wọlé. Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi: ẹni tí a bá nídìí ilé tó jó kọ́ ni ó dáná sun ún. Marshall ní kò sí wàhálà, òun yóò fi ẹranko dán an wò. Ó gbé kòkòrò fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, kò sí ohun tó ṣe é.

Kí ni ọkùnrin náà ṣe? Ẹ di àwo ẹ̀gúsí mú o. Lọ́dún 1984, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 33, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ikùn òun wò. Ikùn mọ́ lóló. Ló bá po kòkòrò tó ti inú ikùn aláìsàn kan wá mọ́ omi bí omi ẹran, ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e mì. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀! Ìyá Rísí, ọkọ tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé! Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, inú ń rìn ín, ó ń bì láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìgbà yẹn ni ìyàwó gbọ́. Ká ní èmi ni ìyàwó náà, ǹ bá ti pe ẹbí jọ. Wọ́n tún yẹ ikùn rẹ̀ wò, wọ́n bá a tó wú, tó pọ́n, tí kòkòrò sì pọ̀ síbẹ̀. Ó lo oògùn apakòkòrò, ara rẹ̀ yá. Ọdún 1985 ni wọ́n tẹ ìtàn náà jáde. Ní 2005, wọ́n fún òun àti Warren ní ẹ̀bùn Nobel. Orúkọ tí wọ́n sì fún kòkòrò náà ní 1989 ni Helicobacter pylori. Adéọlá pè é títí, ahọ́n mi kọ̀. Mo ní Ayálégbé ni èmi yóò máa pè é.

Mo bi Adéọlá pé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́, ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn parí sí? Ó ní rárá. Ní 1987, Steven Krakowka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, tún gbé e yẹ̀ wò. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ jáde nínú ìyá rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ nínú àpótí tí kòkòrò kankan kò sí, oúnjẹ rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tí kò mọ ẹrẹ̀ rí! Ìyẹn ni wọ́n wá fún ní Ayálégbé nìkan ṣoṣo. Lọ́tẹ̀ yìí ó wọlé, ikùn wọn sì wú. Ọ̀rọ̀ di òótọ́ lára ẹranko.

Wọ́n wá ní kí àwọn wo ohun tí Ayálégbé fi ń borí omi kíkan. Ó ní nǹkan kan lára tó ń tú yúríà, èyí tí ń bẹ nínú ara gbogbo wa, tó sì ń sọ ọ́ di àmóníà, òórùn tí ẹ máa ń gbọ́ bí ìtọ̀ bá pẹ́ ní kọ̀rọ̀. Àmóníà yìí á pa kíkan omi tó yí i ká, bí ẹni tó fi eérú pa kíkan ọsàn. Ní 1991, Kathryn Eaton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ kòkòrò kan kí wọ́n tó fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Kò lè dúró. Wọ́n tún mú èyí tí ìrù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ gba inú ikun kọjá. Òun náà kò pẹ́ níbẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n aláǹgbá tiwa yìí mú ohun tó fi ń la ẹnu ògiri dání ni.

Bó bá ti gba inú ikun kọjá, á fara ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n jẹ́ ògiri ilé. Ìwà méjì ló wá ní lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ó ń tu májèlé kan síta, VacA, tó ń lu ihò bí ihò búrẹ́dì sínú sẹ́ẹ̀lì. Èkejì, tó burú jù, tí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní i: ó ní abẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ mi? Abẹ́rẹ́! Á gún un mọ́ sẹ́ẹ̀lì lára, á fi rán nǹkan kan wọ inú rẹ̀, CagA ni wọ́n ń pè é. Kì í lu sẹ́ẹ̀lì, kì í jẹ ẹ́. Ńṣe ló dà bí ẹni tó sọ̀rọ̀ kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. Sẹ́ẹ̀lì tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà á ya wèrè: á nà gbọọrọ, á jọ̀wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó dì mú, á máa ké pe sójà ara. Mo ní, "Adéọlá, olófòófó gbáà ni CagA yìí!" Ó wò mí, kò fèsì. Mo bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí, ẹ fetí sí i. Èmi rò pé Ayálégbé ló ń wó ilé fúnra rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Ní 1999, Eaton kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn èkúté tí a bí láìní àwọn sójà ara tó ṣe kókó. Wọ́n fún wọn ní kòkòrò. Ó wọlé, ó pọ̀, ó fìdí kalẹ̀, síbẹ̀ ikùn èkúté wà bí ó ṣe wà, kò fi bẹ́ẹ̀ wú. Wọ́n wá gba sójà lọ́dọ̀ èkúté mìíràn tí ara rẹ̀ pé, wọ́n fi sára wọn. Háà! Ilé gbiná. Kòkòrò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn bàjẹ́ yánnayànna. Àwọn sójà tó wá lé àlejò ló fọ́ ilé. Èéfín tí wọ́n fín sí i ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pọn omi kíkan. Kànga wọn gbẹ, ibi tí kànga wà sì di pápá. Ẹ ò rí i pé àgbà kì í purọ́: bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìkẹrin orúkọ nìyẹn, ikú. Ikun, ikùn, ikún, ikú. Orí mi mà pé o.

Ilé sì yàtọ̀ sí ilé. Èkúté kan wà ní láàbù, C57BL/6 ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe nọ́ńbà mọ́tò. Ìyẹn bínú fùfù. Bí kòkòrò bá wọlé, ikùn rẹ̀ á wú gan-an. Èyí tí ń jẹ́ BALB/c ní sùúrù. Kòkòrò kan náà á wọ inú rẹ̀, ara rẹ̀ kò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àlejò kan, ilé méjì, èsì méjì. Ìdí tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá sọ pé ohun tó ṣe ọmọ ìyá òun ni yóò ṣe òun náà, ẹ bi í bóyá èkúté kan náà ni wọ́n.

Ẹ wo bí ikún ṣe wá dé. Eku aṣálẹ̀ kan wà ní Mòngólíà, ìrù rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ tóbi, bí ẹ bá rí i lókèèrè ẹ ó ní ikún tó gbààwẹ̀ ni. Àwọn ará Jàpáàn mọ̀ ọ́n tọ́. Ní 1998, Watanabe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn eku yìí ní kòkòrò, wọ́n sì dúró tì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ 62! Àwọn ènìyàn yìí ní sùúrù o. Èmi kò lè dúró de ìrẹsì kó jinná. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, bí 37 nínú 100 wọn ló ti ní jẹjẹrẹ ikùn. Kò sí oògùn mìíràn tí wọ́n fi kún un, kòkòrò nìkan ni. Àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kọ orúkọ Ayálégbé mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn láti 1994; eku ló wá ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn mìíràn fi iyọ̀ púpọ̀ sí oúnjẹ eku tó ní kòkòrò, ọ̀rọ̀ sì burú sí i. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn a máa pani. Ìyá Rísí, iyọ̀ inú ọbẹ̀ yín àná ńkọ́? Mo kàn ń béèrè ni.

Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí kòkòrò yìí sì pọ̀ nílẹ̀ wa, kí ló dé tí jẹjẹrẹ ikùn kò fi gba ìgboro? Adéọlá ní ìbéèrè ńlá ni mo bi yẹn. Ní 1992, ẹnìkan tí ń jẹ́ Holcombe kọ̀wé lé e lórí, ó ní àdììtú Áfíríkà ni: kòkòrò pọ̀, jẹjẹrẹ kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Àwọn kan ń jiyàn pé bóyá a kì í yẹ̀ ẹ́ wò tó ni. Ṣùgbọ́n ní 2000, James Fox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú èkúté nọ́ńbà mọ́tò yẹn, oníbìínú yẹn, wọ́n fi aràn inú sí i lára, wọ́n tún fún un ní kòkòrò ikùn tó jẹ́ ìbátan Ayálégbé. Aràn pẹ̀tù sí sójà nínú! Wíwú wà, ṣùgbọ́n kànga omi kíkan kò gbẹ bó ṣe gbẹ lára àwọn tí kò ní aràn. Lójú ẹsẹ̀ ni Bàbá Kàmọ́rù tó ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé kígbe pé òun kò ní lo oògùn aràn mọ́ láé! Adéọlá bẹ̀ wọ́n. Ó ní aràn kì í ṣe oògùn, pé èkúté ni wọ́n fi dán an wò kí wọ́n lè mọ̀ pé ìbínú ara ló ń pinnu bí ilé yóò ṣe rí.

Ó wá jókòó ti bàbá, ó bi wọ́n ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n: oògùn wo ni ẹ ń lò fún orúnkún tó ń ro yín? Bàbá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n fa sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ara ríro kan yọ, ibuprofen, èyí tí wọ́n ń gbé mì láàárọ̀ àti lálẹ́ láti oṣù mélòó kan, inú òfìfo. Adéọlá di orí mú. Ó ní òun náà ń dá egbò sí ikùn, nítorí ó ń dín ikun tó bo ògiri kù. Ó ní kí wọ́n lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò: ó wà tí wọ́n máa ń fi èémí wò, ó wà tí wọ́n máa ń fi ìgbẹ́ wò. Ó tún wà tí wọ́n á já ẹran bíńtín nínú ikùn, tí wọ́n á fi í sínú ohun pupa rẹ́súrẹ́sú bí pupa ẹyin adìẹ. Bí Ayálégbé bá wà níbẹ̀, àmóníà rẹ̀ á sọ ọ́ di pupa gbòò. Bó bá wà, dókítà á fún wọn ní oògùn apakòkòrò oríṣi méjì pẹ̀lú èyí tí ń dín omi kíkan kù, ọjọ́ 7 sí 14, kí wọ́n lò ó tán pátápátá. Kì í ṣe kí wọ́n ra méjì-méjì lọ́dọ̀ oníkèmíìsì.

Ìgbà tí ó ń lọ, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró lẹ́bàá kíṣìnì, ó wo ògiri tó wó yẹn. Ó ní, "Àǹtí, kí ló wó èyí?" Mo ní, "Àwọn ọmọ onílé ni o. Ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ti ń wá kẹ́ẹ̀gì kẹ́rọ́sìnì kiri, wọ́n fi èjìká ta ògiri." Ó ní, "Ṣé wọ́n rí i?" Mo ní rárá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì onílé ni wọ́n ti padà rí i. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀, ó ti san owó ọdún méjì. Ó ní, "Àǹtí, ta ló sọ fún wọn pé òun ló jí i?"

Ẹ gbà mí o, ará ilé mi. N kò sọ pé ó jí nǹkan! Mo kàn sún mọ́ àkọ́bí onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo ní, "Ọmọ mi, ẹ máa ṣọ́ kẹ́rọ́sìnì yín o." Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kò ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìyá Rísí, ẹ gba ẹ̀gúsí yín. Mo fẹ́ lọ kí Ìyá Bọ́sẹ̀.